Ẹ̀ẹ̀mejì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Irin

Ọjọ́rú ni Tíṣà Obed gbé àwo orin náà wá, lẹ́yìn ìrun àìlà. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ mi ní Bẹyẹrúnkà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Oṣù márùn-ún rèé tí mo ti tì í.

Ọmọ mi Nojeem ló lu ìlù inú àwo náà. Ọkọ̀ pa á ní ọ̀nà Èkó. Wọ́n gbé e dé ní ọ̀sán, a sin ín kí a tó kírun alásàrí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Èmi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. N kò sunkún. Kì í ṣe pé mo ń ṣe ọkùnrin. Mo dúró de ẹkún, ẹkún kò wá. Mo ń jẹun, mo ń kírun, mo ń sùn. Tí wọ́n bá bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, màá ní àlàáfíà ni.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni èmi àti Tíṣà Obed Dáramọ́lá lọ. Òun bá ìwé lọ, èmi padà sídìí ewìrì bàbá mi. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àrẹ̀mọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í gbé ohùn sókè. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọjà'ba, tó ń mi orí bí ọmọ ogún ọdún, tó há ẹ̀rọ ìgbohùn kékeré kan sí abíyá, mo rò pé ara rẹ̀ kò yá ni.

"Yésúfù! Mo ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́rìnlá."

"Kí ni?"

"O tún ń bi mí ní kí ni. Àwo àwọn Èéfín! Ìgbà mẹ́rìnlá láti ọjọ́ Àìkú. Bertha ìyàwó mi ti kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀mí àìmọ́ ti wọ ilé àgbà ìjọ."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀mí àìmọ́ ni, ó mọ orin ju gbogbo akọrin wa lọ."

Èéfín ni orúkọ ẹgbẹ́ tí Nojeem wà. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, èyí tó le. Gìtá á máa ké, ìlù á máa já lulẹ̀, ẹni tó ń kọrin á máa pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kí Nojeem tó kú ni wọ́n ti parí àwo yìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló jáde.

Bọ́lájí, olórí wọn, ti pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n ń bọ̀ wá ṣí àwo náà nílùú wa ní Sátidé, nínú gbọ̀ngàn kan nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ó ní àwọn fẹ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu bàbá onílù àwọn. Mo ní n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí ó bá Tíṣà sọ ọ́. Tíṣà gbà á. Ó kọ lẹ́tà. Ó gbé e wá kí n gbọ́ ọ kí ó tó lọ kà á níwájú àwọn èèyàn.

"Kà á," mo wí.

"O ní láti kọ́kọ́ gbọ́ orin."

"Kà á, Tíṣà. Orin lè dúró."

"Yésúfù, fetí sílẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ gbọ́ ọ. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Mo ní màá gbọ́ ìṣẹ́jú méjì, màá pa á, màá wá bá ọ, màá ní ọmọ rẹ gbìyànjú. Gìtá wọlé bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ páànù lórí títì ọlọ́dà. Mo ní ariwo rèé. Kí n tó na ọwọ́ pa á, ìlù bá a. Háà! Gbogbo wọn ń sáré, ọmọ yẹn kò sáré. Ó mú wọn dání bí ẹni tó so ewúrẹ́ mẹ́rin mọ́ okùn kan. Gbì. Gbì. Ẹ ó dúró dè mí!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé. Eruku ọyẹ́ dìde.

"O máa fọ́ bẹ́ǹṣì mi."

"O ò mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ Àjíǹde, tí mo bá fa gbogbo ohùn dùùrù jáde lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n. Ìṣẹ́jú kan péré. Àlùfáà á ti máa wò mí, màá rọra dá a padà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wá ohùn yẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fi odindi àwo ṣe é. Kò sì sí àlùfáà tó ń wò wọ́n!"

Sìdí, ìyàwó mi, wà lórí pèpéle, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nojeem," ni Tíṣà wí.

"Ẹ kú àbọ̀, Tíṣà. Ṣé ariwo yẹn náà lẹ tún gbé dé?"

"Ariwo kọ́ o. Orin ni."

"Ẹ jẹ́ kó rọra."

Sìdí kò fẹ́ràn ìlù náà rí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi ló fà á. Ó yẹ kí n sọ ọ́.

Nínú àgbẹ̀dẹ mi, ìtì irin rélùwéè kan wà tí bàbá mi rì mọ́lẹ̀. Lórí rẹ̀ la ti ń lu iṣẹ́. Èmi ni mo ń fi ẹ̀mú di iṣẹ́ mú, òòlù kékeré á wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Ẹni tó dojú kọ mí ló ń gbé òòlù ńlá. Ibi tí òòlù kékeré bá kàn ni òòlù ńlá á bọ́ sí. A kì í sọ̀rọ̀. Ariwo pọ̀ jù. Tí mo bá fẹ́ kó dúró, màá fi òòlù kékeré kan irin rélùwéè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Kó, kó. Òòlù ńlá á dúró lókè. Ìgbà náà ni mo tó lè na ọwọ́ sí iṣẹ́. Bàbá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ Nojeem bẹ́ẹ̀.

Ó ti ń gbé òòlù ńlá láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó mọ̀ ọ́n gbé.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, a ń lu ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ kan láti Àkànràn. Òòlù ńlá bọ́ sórí ọwọ́ òsì mi. Ìka méjì fọ́. Wọ́n tò ó, kò tò. Títí di òní, ìka méjèèjì kò mọ iná, wọn kò mọ omi tútù.

Nígbà yẹn, Nojeem ti ń lọ lu ìlù òyìnbó lọ́dọ̀ àwọn Bọ́lájí ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gbogbo agboolé ní orin ló di í létí, ni kò fi gbọ́ àmì. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó dúró lórí pèpéle yìí, ó ní, "Ọmọ tó fọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ nítorí ìlù, kó máa bá ìlù lọ." Nojeem wò mí. N kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Èkó.

Ó máa ń wá ní Iléyá. Ó máa ń wo ọwọ́ mi, á tún wo ibòmíràn. Ìyá rẹ̀ á bu oúnjẹ fún un, kò ní jókòó tì í. A kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbàgbé. Láti kékeré ni mo ti ń lù ú, lọ́jọ́ náà n kò lù ú. Mo na ọwọ́ láti yí ọkọ́ padà, òòlù sì ti ń bọ̀. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì mí. Mo ní kí n dákẹ́ títí ìrora á fi rọlẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ọmọ ti lọ. Mo sì rò pé òun náà kò mọ̀. Ariwo wà, èéfín wà. Mo rò pé ó gbà pé àmì dún, etí òun ni kò gbọ́ ọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ti tú lẹ́tà rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ó wọ gíláàsì, ó dìde dúró bí ẹni pé kíláàsì wà níwájú rẹ̀.

"'Ẹ̀yin Èéfín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni mí. Mo ti forí gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí mo ti ń jó sí orin yín kẹta. Ẹ má sọ fún bíṣọ́ọ̀bù.'"

"O máa ka ìyẹn níwájú èèyàn?"

"Kí ló dé tí n kò ní kà á? Wo orí mi." Ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó wú lóòótọ́. "Má dá mi dúró. 'Àwọn kan ní orin yín kò ládùn. Ata náà kò ládùn, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ la sì ń jẹ ẹ́. Orin kejì yín mú mi rántí ìjì tó ká òrùlé sùkúù wa lọ. Orin karùn-ún, n kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ní láti jókòó.'"

Ó kà á lọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gé afẹ́fẹ́. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, ó fi ẹnu ké gìtá fún wa. Aládùúgbò kan tó ń kọjá dúró, ó wò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó kan ojú ewé tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"'Ọ̀rọ̀ wá kan orin kẹsàn-án, èyí tí ẹ pè ní Bẹyẹrúnkà. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀, ìlù ló ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń sọ. Ìlù ọmọ tó ṣẹ bàbá rẹ̀ ni. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Nojeem kò fetí sí àmì, ó sì fọ́ ọwọ́ tó bọ́ ọ. Nínú orin yìí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Mo mọ bàbá náà. Mo lè fi dá yín lójú pé ó ti dárí jì í.'"

Ó bọ́ gíláàsì, ó nu ojú.

"Ó dára àbí kò dára?"

Sìdí ló dá a lóhùn. Ó ti dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

"Ó dára, Tíṣà. Ẹ kà á bẹ́ẹ̀. Tó bá ti lè tọrọ àforíjì, ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀."

Mo ní, "Níbo ló ti dọ̀bálẹ̀?"

"Nínú ìlù! Mo ní kí o gbọ́ ọ, o kọ̀." Kò bi mí mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ orin náà lórí fóònù rẹ̀.

Gìtá ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń kùn nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ. Kó. Gbì. Kó. Gbì. Òòlù kékeré, òòlù ńlá. Kì í ṣe ìlù ló fi ṣe ti kékeré. Irin lórí irin ni. Mo mọ bó ṣe ń dún.

"Irin rélùwéè ló lù," Tíṣà sọ sí mi létí. "Wọ́n kọ ọ́ sára páálí àwo."

Gìtá gòkè. Ó ń le sí i. Òòlù méjèèjì kò yára, wọn kò falẹ̀. Lẹ́yìn náà: kó, kó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Gìtá dákẹ́, ìlù dákẹ́.

"Gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn!" Tíṣà na ìka sókè. "Ta ló kọ́ wọn? Ọmọdé kì í mọ̀ ọ́n dákẹ́!"

Orin tún wọlé. Kó. Gbì. Kó. Gbì. Lẹ́ẹ̀kejì, àmì dún, gbogbo rẹ̀ dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Mo rí i pé ìka ọ̀tún mi ti ń gbéra fúnra rẹ̀ kí àmì tó dún. Ara mi mọ ibi tó yẹ kó bọ́ sí.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ìka mi gbéra. Àmì kò dún. Kó, gbì, kó, gbì, ó ń bá a lọ. Gbì kan wá bọ́, ó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Orin parí síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Tíṣà ti fò dìde.

"O rí i? Wọ́n gé e bí òwú! Èmi ì bá ti fi àmín sí i. Wọn kò fi àmín! Ìgbà mẹ́rìnlá, ọkàn mi ṣì ń já níbẹ̀!"

Ọmọ náà mọ̀. Ó ka àmì. Ọdún mọ́kànlá ló fi mọ̀. Ó wá ní Iléyá, ó jẹ ẹran, ó wo ọwọ́ mi, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Kò sọ fún Bọ́lájí. Ó kàn lù ú bó ṣe rí.

Mo jókòó. Mo dúró kí nǹkan ṣe mí. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ìka òsì méjèèjì. Wọn kò gbọ́.

"Tíṣà, pa ibẹ̀ rẹ́."

"Ibo?"

"Ibi tó ti dọ̀bálẹ̀."

"Háà! Ibẹ̀ ló dára jù nínú lẹ́tà. Mo lè mú un rọ̀ bó bá le jù."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ tí wọ́n lé kúrò nínú akọrin sùkúù nítorí ohùn ewúrẹ́, ìwọ lo fẹ́ túmọ̀ orin fún mi?"

"Tíṣà. N kò lu irin."

"Irin wo?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ ọwọ́ mi. N kò lù ú. Mo kàn na ọwọ́."

Tíṣà wò mí. Sìdí ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá Nojeem, kí lẹ sọ?"

"Mo ní n kò fún un ní àmì."

"Ẹ ò fún un."

"N kò fún un. Kò sí ohun tó kọ̀ láti gbọ́."

"Mo lé e."

"O lé e."

"Ẹ jókòó, ẹ ń wò mí."

"Mo jókòó."

Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Díẹ̀ dà. Kò ṣà á. Ó dìde, ó wọlé.

Tíṣà pa fóònù. Ó jókòó tì mí.

"Kì í ṣe pé wọ́n gé ìparí yẹn," ó wí.

"Rárá."

"Mo ń jó sí i, Yésúfù. Ìgbà mẹ́rìnlá."

"O kò mọ̀."

Ó fa bírò yọ, ó fi ìlà gígùn wọ́ ibẹ̀ pa. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni kí n kọ dípò rẹ̀?"

Mo ronú. "Kọ ọ́ pé: Nojeem kò jẹ̀bi. Bàbá rẹ̀ ni kò lu irin. Ọmọ náà mọ̀, kò sì tú bàbá rẹ̀ fó."

Ó kọ ọ́.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Ìdajì ìlú lè wà níbẹ̀ ní Sátidé. Wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ ní Ọjà'ba títí di ọdún tó ń bọ̀."

"Kà á."

"O máa wá?"

"Màá jókòó níwájú."

Ó ká lẹ́tà, ó tún tú u, ó tún ká a. Ó ti fẹ́ dìde nígbà tí Sìdí jáde. Ó ti fọ ojú. Ó gbé àpótí ìjókòó kan dání. Ó gbé e síwájú ẹ̀rọ ìgbohùn náà, ó jókòó. Èmi àti òun kojú síra wa.

"Tíṣà, ẹ tún un tẹ̀," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kó rọra." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin, ẹ fi ibẹ̀ hàn mí."

Tíṣà tẹ̀ ẹ́. Ó yí i sókè tó ibi tó lè dé. Gìtá wọlé. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn ògiri dákẹ́.

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orúnkún. Nígbà tí àmì àkọ́kọ́ ń bọ̀, mo gbé ìka sókè. Kó, kó. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé ìka. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ìka. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ mi.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ìka mi wà lórí orúnkún. Sìdí ń wò ó. Òòlù bọ́.